Wáyà sípíkà olówó gegere: ṣé etí máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ lóòótọ́?

Akínwùmí_Olórin

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo bá wá.

Ohun tí mo ní nílé ni amplifier oní 80 wáàtì lápá kọ̀ọ̀kan, sípíkà méjì tí wọ́n kọ 6 ohm sí lẹ́yìn, àti DAC kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń gba orin láti inú laptop tó sì ń sọ ọ́ di èyí tí amplifier lè lò. Láti ìdí amplifier dé ìdí sípíkà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 5. Wáyà oníbejì 1.5 mm² tí àwọn oníná fi ń ṣe ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹni tó ń ta ọjà fún mi ní kí n yọ ọ́ dànù. Ó ní òun ní wáyà bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò, 380,000 náírà fún méjèèjì, pé béèsì á le sí i, tíríbù á sì mọ́ gaara. Ó ní ọfà tó wà lára rẹ̀ ń fi ọ̀nà tí orin gbọ́dọ̀ gbà hàn, àti pé kí n fi orin sí i fún wákàtí 100 kí ohùn rẹ̀ tó là. Ó tún ní kí n pààrọ̀ wáyà RCA mi, tó wà láàárín DAC àti amplifier, sí èyí tó ní wúrà gidi lẹ́nu.

Kí ni etí lè gbọ́ nínú gbogbo èyí? Bí ìyàtọ̀ bá wà, báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó nawó?

Bàbá_Míksà

Akínwùmí, o ṣe é tó kọ́kọ́ béèrè. Má tíì san kọ́bọ̀.

Ohun mẹ́ta ni wáyà ní tó lè fi yí orin padà: ìdènà rẹ̀ sí iná, tí à ń fi ohm wọ̀n, capacitance rẹ̀ (bó ṣe ń tọ́jú iná pamọ́), àti inductance rẹ̀ (bó ṣe ń takò ìyípadà iná). Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé wọ̀n, kò sí èyí tó fara sin fún mítà. Láàárín amplifier àti sípíkà, ìdènà ni ọ̀gá wọn. Àwọn méjì yòókù kò tó nǹkan ní mítà 5.

Jẹ́ ká ṣírò tìrẹ. Wáyà bàbà tó jẹ́ 1 mm² máa ń ní ìdènà tó tó 0.0172 ohm lórí mítà kan. Pín iye yẹn sí bí wáyà rẹ ṣe nípọn tó, kó o wá fi gígùn rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Iná á lọ, á sì bọ̀, nítorí náà mítà 5 di mítà 10. 0.0172 ÷ 1.5 × 10 jẹ́ 0.115 ohm. Bó o bá lo 2.5, ó di 0.069.

Kí wá ni 0.115 yẹn á ṣe? Sípíkà tí wọ́n kọ 6 ohm sí kì í dúró lójú kan. Ó lè wálẹ̀ dé 4 fún àwọn ohùn kan, kó sì gòkè dé 25 níbi tí kóònù béèsì ti ń mì jù. Ibi tí ohm sípíkà bá ti kéré ni wáyà ti ń jẹ nínú ohùn jù. Fún wáyà 1.5 rẹ, ohun tí yóò jẹ níbi 4 ohm jẹ́ 0.25 dB (dB ni à ń fi wọn bí ohùn ṣe pariwo tó), níbi 25 ohm sì jẹ́ 0.04 dB. Ìyàtọ̀ tó dá sílẹ̀ láàárín ohùn kan àti òmíràn kò ju 0.2 dB lọ. Pẹ̀lú 2.5, ó di 0.12. Kò sí etí tó ń mú 0.08 dB tó wà láàárín àwọn méjèèjì nínú orin.

Wá mú wáyà tín-ín-rín 0.5 tó máa ń bá àwọn sípíkà kan wá nínú páálí, kí ẹnì kan fà á ní mítà 15 lọ sí ẹ̀yìn pálọ̀. Ìdènà rẹ̀ ti lé ní 1 ohm. Níbi 4 ohm, 2 dB ti lọ. Níbi 25, kò tíì ju 0.35 lọ. Ohùn sípíkà yẹn ti yí padà, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó á gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé wáyà máa ń yàtọ̀: wáyà tí kò tó máa ń ba ohùn jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti tó, ó ti tó nìyẹn.

Òṣùwọ̀n tí à ń lò ni pé kí ìdènà wáyà, àlọ àtàbọ̀, má ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohm sípíkà lọ. Fún sípíkà 4 ohm, wáyà 1.5 á gbé e dé nǹkan bíi mítà 8, 2.5 á gbé e dé mítà 14, 4 mm² á sì gbé e dé mítà 23. Fún 8 ohm, gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Tìrẹ wà ní ìdá 2 péré.

Ọ̀rọ̀ fàdákà: lóòótọ́ ni iná ń gba inú fàdákà kọjá ju bàbà lọ, ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí wáyà 1.5 rẹ bá jẹ́ kìkì fàdákà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bíi bàbà 1.6 ni yóò ṣe. Èyí tí wọ́n kàn fi fàdákà bò lójú kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ojú wáyà ni tíríbù ń gbà. Ní 20,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), iná ṣì ń wọ inú bàbà jìn tó 0.46 mm, bẹ́ẹ̀ láti ojú wáyà 1.5 dé àárín rẹ̀ kò ju 0.7 mm lọ. Ìyàtọ̀ tó kù kò tó ohun tí à ń jà sí. Bàbà aláìní ọ́síjìn náà kò ju bàbà lásán lọ ju nǹkan bí ìdá 1.

Béèsì tó "le": agbára tí amplifier fi ń dá kóònù dúró gbọ́dọ̀ gba inú kọ́ìlì sípíkà fúnra rẹ̀ kọjá, kọ́ìlì yẹn nìkan sì ti tó nǹkan bí 4.5 ohm. Bó o bá yọ 0.05 ohm kúrò lára wáyà, kóònù kò ní mọ̀.

Ọfà: orin inú wáyà sípíkà máa ń lọ síwá sẹ́yìn. Ohùn 1,000 Hz ń yí ojú padà nígbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí apá kan tó "gbọ́dọ̀ gbà". Lára àwọn wáyà RCA kan nìkan ni ọfà ti ní ìtumọ̀, níbi tí wọ́n ti so àwọ̀n ìbòrí inú rẹ̀ mọ́ ẹnu kan ṣoṣo, tí ọfà sì ń fi ẹnu náà hàn. Ní ti wákàtí 100, bàbà kì í yí padà nítorí pé orin kọjá nínú rẹ̀. Etí olùgbọ́ ló ń mọ́ ọn lára.

Ìyá_Lẹ́ẹ̀dì

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìṣírò yín péye, ṣùgbọ́n ó dúró lórí pé bàbà ni wáyà náà lóòótọ́, àti pé 1.5 tí wọ́n kọ sí i pé 1.5. Nínú ọjà wa, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò pọ̀ nílẹ̀, ìdènà rẹ̀ sì tó ìlọ́po kan àbọ̀ ti bàbà. Ó tún máa ń já lábẹ́ síkúrù, torí alumíníọ̀mù kò fẹ́ títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀: ẹ bó rọ́bà rẹ̀, ẹ mú fọ́nrán kan ṣoṣo, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Bí òde bá pupa tí inú sì funfun, alumíníọ̀mù ni. Bí òde bá funfun tí inú pupa, bàbà tí wọ́n fi tánganran (tin) bò ni, ìyẹn dára, kò sì ń dípẹtà bọ̀rọ̀. Ẹ tún lè gbé e lé ìwọ̀n. Róòlù wáyà oníbejì 2.5 tó gùn ní mítà 100 gbọ́dọ̀ ní bíi kílò 4.5 bàbà nínú, láìtíì ka rọ́bà. Bí gbogbo róòlù pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ bá wọn kílò 3, ẹ dá a padà fún wọn.

Láti mọ ìdènà rẹ̀ gan-an, ẹ má fi mítà wọn ohm rẹ̀ ní tààrà. Wáyà mítà fúnra rẹ̀ máa ń ní 0.2 tàbí 0.3 ohm, ó ti ju ohun tí ẹ ń wá lọ. Ẹ wá bátìrì mọ́tò 12 volt àti gílóòbù bíréèkì oní 21 wáàtì. Ẹ lọ́ ẹnu méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun wáyà sípíkà pọ̀ mọ́ra. Láti bátìrì, ẹ so ẹnu + mọ́ gílóòbù, gílóòbù mọ́ apá kan wáyà náà, apá kejì wáyà sì padà sí ẹnu − bátìrì. Gílóòbù á tàn. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà sáàárín, ní ihò 10A, láti wọn iye iná tó ń kọjá. Yóò súnmọ́ 1.75 ampere. Lẹ́yìn náà ẹ yọ mítà kúrò láàárín, ẹ so ọ̀nà náà padà, kí ẹ wá wọn volt láàárín apá méjèèjì wáyà sípíkà níbi tí iná ti wọlé, ní ojú bàbà gan-an, kì í ṣe lórí kílíìpù. Ẹ pín volt yẹn sí ampere, ohm wáyà yín nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i o: kí ẹ tó wọn volt, ẹ yọ ẹnu pupa mítà kúrò ní ihò 10A. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tí ẹ sì fi kan ẹnu bátìrì méjèèjì, fíúùsì mítà á jó lójú ẹsẹ̀, èyí tí kò bá sì ní fíúùsì, wáyà rẹ̀ ló máa yọ́.

Fún mítà 5 oníbejì 1.5, bàbà gidi á fún yín ní 0.20 volt. Bí ẹ bá rí 0.30, yálà alumíníọ̀mù ni tàbí bàbà 1.0 tí wọ́n pè ní 1.5. Ọ̀bẹ ló máa sọ èwo ni nínú méjèèjì.

Olówó_Gìtá

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ fún wáyà sípíkà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń ka èyí lọ rò pé gbogbo wáyà rí bákan náà. Láàárín gìtá oníná àti amplifier, etí ń gbọ́ wáyà láìsí iyèméjì.

Pickup gìtá (ohun tó ń gba ohùn okùn rẹ̀) ní inductance tó lè tó 3 henry, wáyà gìtá sì máa ń ní capacitance bí 100 pF (picofarad, òṣùwọ̀n capacitance) lórí mítà kan. Àwọn méjèèjì á pàdé, ohùn á ga níbì kan, lẹ́yìn ibẹ̀ tíríbù á já wálẹ̀. Bí a bá fi 100 pF kún un fún ẹnu amplifier, wáyà mítà 3 á fi ibi gíga yẹn sí nǹkan bí 4,600 Hz. Mítà 6 á fà á wá sí 3,500. Mítà 10 á gbé e wá sí 2,800. Gìtá jùjú tó yẹ kó máa ta ṣanṣan lókè gángan á wá máa dún bí ẹni tó da aṣọ bo sípíkà. Wọ́n á dá gìtá lẹ́bi, wọ́n á sì yí tíríbù míksà dé òpin.

Ẹ kíyè sí i pé iye owó kò sí nínú ìṣírò yẹn. Gígùn àti pF ni. Wáyà kúkúrú tó lọ́wọ̀ọ́ ju wáyà gígùn olówó ńlá lọ. Bí orí ìtàgé bá fẹ̀, ẹ fi pẹ́dà tó ní buffer, tó ń gba gìtá lọ́wọ́ wáyà gígùn, sí ẹsẹ̀ olórin, wáyà tó bá tẹ̀ lé e lè gùn bó ṣe wù ú. Kíbọ́ọ̀dù àti gìtá oníbátìrì kò ní ìṣòro yìí rárá.

Ẹ̀rọ àwo orin ayé àtijọ́ náà bẹ́ẹ̀: abẹ́rẹ́ MM (èyí tí mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń mì) ní iye pF tí àwọn tó ṣe é fẹ́, láàárín 100 sí 300 lọ́pọ̀ ìgbà, wáyà RCA rẹ̀ sì wà lára iye yẹn. Ṣùgbọ́n DAC Akínwùmí kò jọ ìyẹn. Ohm ẹnu àbájáde DAC kì í sábà ju 100 sí 600 lọ. Pẹ̀lú RCA mítà 1, ibi tí tíríbù ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í já ti kọjá 2,000,000 Hz. Wúrà ẹnu rẹ̀ wúlò nítorí pé wúrà kì í dípẹtà, pàápàá fún ẹni tó ń gbé etí òkun. Kò fi nǹkan kan kún ohùn.

Máìkì oníhò mẹ́ta náà le: kódà ní mítà 50, tíríbù rẹ̀ kò ní ṣẹ́ku sẹ́yìn. Ohun tó ń pa wáyà máìkì ni ẹnu tí wọn kò lẹ́ẹ̀dì dáadáa.

Akínwùmí_Olórin

Ẹ ṣé gan-an ni. Wáyà mi pupa tinú tòde, bàbà ni. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dà mí láàmú: ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ó yọ wáyà lásán tó sì fi tirẹ̀ sí i, mo gbọ́ pé orin náà dùn sí i, béèsì sì jáde. Etí mi kò parọ́ fún mi o.

Etí_Kọ̀ọ̀kan

Etí rẹ lè gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ kó má sì jẹ́ wáyà ló fà á. Nǹkan mẹ́rin ló wọ́pọ̀.

Àkọ́kọ́, + àti − sípíkà kan lè ti wà lódì nígbà tí wáyà lásán wà níbẹ̀. Kóònù kan ń jáde, èkejì ń wọlé, béèsì á pa ara wọn. Bí wọ́n bá so tuntun tó tọ́, béèsì á dé gbì. Ṣe àyẹ̀wò tìrẹ nílé: yọ wáyà kúrò lẹ́yìn amplifier, fi bátìrì 1.5 volt kan án díẹ̀, + sí +. Kóònù méjèèjì gbọ́dọ̀ ti jáde síta. Ìkejì, ẹnu tó ti dípẹtà: yíyọ ọ́ àti dídá a padà ti ha ìpẹtà náà kúrò, wáyà àtijọ́ náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá yọ òun náà tí wọ́n sì dá a padà. Ìkẹta, bí ohùn bá fi ìdajì dB péré ròkè, ọpọlọ kì í sọ pé "ó pariwo sí i". Ó máa ń sọ pé "ó dùn sí i, ó mọ́ sí i". Ìkẹrin, o mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àti iye tó jẹ́.

Ìdánwò tó yanjú rẹ̀ ni èyí tí olùgbọ́ kò ti mọ wáyà tó ń ṣiṣẹ́. David Clark kọ nípa ẹ̀rọ tó ń ṣe é nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn ní Amẹ́ríkà ní 1982. ABX ni wọ́n ń pè é. Nílé, ṣe é báyìí. Ṣe wáyà méjèèjì ní gígùn kan náà. Fi ohùn 400 Hz sí i, kó o wọn volt ní ẹ̀yìn sípíkà, kì í ṣe ní ẹ̀yìn amplifier. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju 0.1 dB lọ, bíi 2.00 volt sí 2.02. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, wáyà kan ti tín jù, ohùn rẹ̀ á sì rẹlẹ̀, ìdánwò náà ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Wá ẹnì kan tí yóò máa yí i padà lẹ́yìn aṣọ títa. Kó máa ju owó ẹyọ láti yan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má bá ọ sọ̀rọ̀, kó má sì jẹ́ kó o rí ojú òun. Pa amplifier kí ó tó fọwọ́ kan wáyà, torí bí ẹnu méjèèjì bá kan ara wọn, amplifier lè jó. Bí ẹ bá lè fi síwíìṣì oníhà méjì sí i, ó dára ju yíyọ lọ, nítorí etí kì í rántí ìyàtọ̀ kékeré ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ṣe é nígbà 16. Ẹni tó ń méfò á gba bíi 8. Bó o bá gba 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ní láárí, torí ìméfò lásán kì í dé ibẹ̀ ju bí ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Má dúró nígbà 5 nítorí pé o ti gba 4.

Ní 2007, James Randi, onídán tó ń tú àṣírí ẹ̀tàn ní Amẹ́ríkà, fi mílíọ̀nù dọ́là kan lélẹ̀ fún ẹni tó bá lè fi etí nìkan ya wáyà Pear Anjou, tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 7,250, sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà lásán tó dára. Wọn ò padà ṣe ìdánwò náà. Mo rò pé kí àwọn tó ń ta irú wáyà bẹ́ẹ̀ fún wa jẹ́ kí a ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù wọn kí a tó sanwó. Ó tọ́ sí oníbàárà.

Ìyá_Lẹ́ẹ̀dì

Akínwùmí, ṣé amplifier yín ń kùn hùùù nígbà tí orin kò sí, pàápàá bí laptop bá wà lórí ṣájà? Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ṣájà. Bí kíkùn náà bá dáwọ́ dúró, iná ló ń gba ẹ́ẹ̀tì rìn yí po láàárín ṣájà, DAC àti amplifier. Kò sí RCA tó lè wò ó sàn, iye yòówù kó jẹ́. Ẹ fi gbogbo wọn sí ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo. Bó bá ṣì kù, ẹ fi isolator USB, ohun tó ń dá iná ẹ̀rọ méjèèjì sọ́tọ̀, sáàárín laptop àti DAC. Ẹ má gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì púlọ́ọ̀gù láéláé, ẹ̀mí lẹ fi ń ṣeré.

Bí ara laptop bá sì ń ta yín lọ́wọ́ wìrìwìrì, ó ṣeé ṣe kí ilé náà má ní ẹ́ẹ̀tì rárá, bí sọ́kẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ní ihò mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí oníná ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ kó sì so ó dé bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni kí owó lọ. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì tó nípọn fún pálọ̀ onítáìsì. Ìyẹn nìkan á yí ohùn padà ju gbogbo wáyà tó wà lọ́jà lọ.

Akínwùmí_Olórin

Ó ń kùn o, ó sì dákẹ́ bí mo ṣe yọ ṣájà! Mo ti fi ọ̀rọ̀ 380,000 náà sílẹ̀. N óò fẹ́ ra mítà 12 wáyà 2.5 kí n lè sún sípíkà kúrò lára ògiri. Ṣé kí n lẹ́ẹ̀dì ẹnu rẹ̀ kí n tó dè é?

Bàbá_Míksà

Má lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bó bá jẹ́ pé abẹ́ síkúrù ló ń lọ. Lẹ́ẹ̀dì rọ̀, ó máa ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, láàárín oṣù díẹ̀ síkúrù á tú, ohùn á máa já pàpà. Bó rọ́bà tó sẹ̀ǹtímítà 1, má gé fọ́nrán kankan dànù, lọ́ ọ pọ̀ ṣinṣin, kó o sì dè é títí tí kò fi ní yí mọ́. Kí fọ́nrán kan má yọ kan ẹnu kejì. Bó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gù banana lo fẹ́ lò, èyí tó ní síkúrù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dára jù. Padà dè wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, torí bàbà tuntun máa ń jókòó. Wáyà méjèèjì kò nílò láti gùn dọ́gba dé sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n sàmì sí apá + ní ẹnu méjèèjì kó o tó fà á kọjá lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.